Láti Pátákó Ọlọ́dà Dé Àwòrán Tó Ń Rìn

Ìdòwú ni wọ́n ń pè mí nílé wa ní Igbó-Ọrà, nítorí ẹ̀yìn ìbejì ni mo dé sáyé. Àwọn ará Èrúwà ló sọ mí di Ìdòwú Pénítà. Nígbà tí mo bímọ, mo di Ìyá Fúnmi. Ní báyìí tí ojú mi ti ń ṣú, tí mo sì ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń yí mi ká lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á ní, "Màmá, iṣẹ́ wo ni kí àwa kọ́?" Mi ò lè fi gbólóhùn kan dá wọn lóhùn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe láyé mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà pa àwọ̀ dà mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí.

Tíṣà ni bàbá mi, ó sì ti pinnu pé èmi náà á di tíṣà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà tí màmá mi rán mi lọ sí Èrúwà láti lọ ra iyọ̀ àti ọṣẹ. Létí títì, mo rí ọkùnrin kan tó jókòó sórí àpótí, tó ń kọ orúkọ sí ara pátákó ilé ìgbẹ̀bí kan. Kò fi ohunkóhun wọn àyè, kò sì kánjú. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, ó nù ún létí agolo, ó fà á, lẹ́tà kan sì jáde bí ẹni pé ó ti wà nínú pátákó náà tẹ́lẹ̀, tó kàn ń dúró de ẹni tó máa nu eruku kúrò lójú rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí àwọn oníyọ̀ fi palẹ̀ ọjà wọn mọ́.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ kọ́, bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìdòwú, iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn. Ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń gun àkàbà?"

"Bàbá, ẹni tó bá lè bá mi di àkàbà mú ni."

Màmá mi rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní Ìdòwú kì í gbọ́ràn, bàbá mi sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ.

Ọ̀gá Gàníyù lorúkọ ọkùnrin náà. Bàbá Ràṣídì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó tínínrín, ó mọ́ tónítóní, pákò kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀. Kò bi mí bóyá mo lè yàwòrán. Ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé o lè jókòó?"

Mo ní, "Mo rò pé ìdúró ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ yìí, sà."

"Ẹni tí kò lè jókòó kò lè dúró."

Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí n máa kọ lẹ́tà O. O nìkan ṣá. Mo kọ O sára páànù, mo kọ ọ́ sára pákó, mo kọ ọ́ títí mo fi ń rí i nínú àwo ọbẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ díẹ̀ báyìí, Ọ̀gá á fi àkísà nù ún, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn kọjá lọ. Bí mo bá sì kọ èyí tó dára, kò ní sọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò ní nù ún. Bí mo ṣe kọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn nìyẹn.

Nígbà tí ó gbà fún mi láti kọ odindi ọ̀rọ̀, òfin mìíràn dé. Bí mo bá ti kọ ọ́ tán, á ní, "Kọjá sí òdìkejì títì. Kí lo kà?"

"Mo ka 'Ilé Ìgbẹ̀bí', sà."

"Ó dáa. Sáré kọjá níwájú rẹ̀, kí o tún kà á."

Èmi ọmọge á wá máa sáré lọ, sáré bọ̀ létí títì, tí àwọn aláte á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kì í rẹ́rìn-ín. Á ní, "Bí ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì Ìbàdàn kò bá lè kà á, ara rẹ lo kọ ọ́ fún."

Ọjọ́ kan wà tí mo kọ pátákó fún onígbàjámọ̀ kan. ONÍGBÀJÁMỌ̀ ÌGBÀLÓDÉ ni ó fẹ́. Mi ò wọn àyè. Nígbà tí mo dé ÌGBÀLÓ, pátákó ti tán, mo wá há DÉ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí èèrà méjì tó ń sá òjò. Ọ̀gá kò lù mí, kò sì bú mi. Ó ra pákó tuntun, ó kọ ti oníbàárà náà fúnra rẹ̀, ó wá gbé tèmi kọ́ sórí ògiri ṣọ́ọ̀bù, ní ọ̀kánkán ibi tí mo ń jókòó. Ọdún kan ni ó fi wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa ń bèèrè pé, "Ta ló kọ èyí?" Ọ̀gá á ní, "Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni." Bí ó bá ti sọ ọ́ báyìí, ara mi á rọ̀ díẹ̀. Kò fìgbà kankan dárúkọ mi.

Ọdún mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo gba òmìnira iṣẹ́, ó gbàdúrà fún mi, ó sì ní, "Ọwọ́ rẹ ti mọ̀ ọ́n kọ. Ojú rẹ ni kò tíì mọ̀ ọ́n wò. Ìyẹn ni èmi ò lè kọ́ ẹ. Ayé ni yóò kọ́ ẹ."

Mo yá ṣọ́ọ̀bù kan ní Èrúwà, mo bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ń wá, a ń jẹun, mo rí ọmọ rán níléèwé, ó tó bẹ́ẹ̀. Mo kọ orúkọ sára ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́, mo kọ sára ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ sára mọ́sálásí, mo kọ 'Ẹ má tọ̀ síbí' sára ògiri tí kò níye. Ẹni tí mo ní yóò bá mi di àkàbà mú náà ti tètè dé, òun ni mo sì fẹ́. Mẹkáníìkì ni, Sunday lorúkọ rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gun orí àga lásán láti tan iná, á sáré wá dì í mú.

Nígbà tí mo ti kọjá ogójì ọdún, nǹkan kan dé tí a ń pè ní fúlẹ́ẹ̀sì. Aṣọ ọ̀rá ńlá ni, ẹ̀rọ ló ń tẹ àwòrán àti lẹ́tà sára rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ á ti gbé e dé kí oòrùn tó wọ̀. Fọ́tò rẹ̀ á wà níbẹ̀, tó ń tàn yanran. Láàárín ọdún méjì, kò sẹ́ni tó ń wá pénítà mọ́, àfi ẹni tó fẹ́ kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn. Mo máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń ṣí agolo ọ̀dà wò, mo sì máa ń dé e padà. Ọ̀dà tí a kò lò máa ń yọ awọ lójú.

Ọkọ mi bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí omijé ń bọ́ lójú mi. Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó tì mí.

"Ìdòwú, iṣẹ́ kò kú. Irinṣẹ́ ló kú."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ṣé èmi ò fi ọ̀bẹ tú mọ́tò rí ni? Nígbà tí sípánà dé ọwọ́ mi, mo kọ́ sípánà."

Ní ọdún yẹn, àgùnbánirọ̀ kan wá gba yàrá nílé wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Tóyìn lorúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan ládùúgbò wa. Ó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí ó máa ń gbé sórí itan bí ọmọ. Mo rí i tó ń ya lẹ́tà sórí rẹ̀, mo ní, "S rẹ yẹn ti sanra jù nísàlẹ̀." Ó yíjú padà, ẹnu yà á. Ó ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Bí òun ṣe di ọ̀gá mi nìyẹn, ọmọ tí mo fi ogún ọdún jù lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó rọrùn. Ohun tí wọ́n ń pè ní máòsì, ìyẹn ohun kékeré tí a fi ń darí ọfà lójú kọ̀ǹpútà, mo máa ń gbé e sókè sínú afẹ́fẹ́ bí búrọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Màmá. Ẹ má ti í bọ ọ̀dà."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú."

"Ẹ yéé pè mí lọ́gàá, àwọn èèyàn á gbọ́!"

Ṣùgbọ́n mo ń pè é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí mo mọ ohun tí ọ̀gá ń jẹ́. Òun ló kọ́ mi ní ìpele. Ó ní, "Ẹ rò ó bíi gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ kó léra wọn. Ẹ ya igi sórí ọ̀kan, ẹ ya ọmọ sórí èkejì. Ẹ lè ṣí ọmọ nípò láìfọwọ́ kan igi." Mo ronú nípa gbogbo pátákó tí mo ti nù nítorí àṣìṣe kékeré kan, mo sì mí kanlẹ̀.

Nígbà tó yá, ó fi bí àwòrán ṣe ń rìn hàn mí. Ó mú ìwé ọmọ iléèwé kan, ó ya ẹyẹ sí igun ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ìyẹ́ apá rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó wá fi àtàǹpàkò ṣí àwọn ewé náà wàràwàrà. Ẹyẹ fò. "Àwòrán kan kì í rìn, Màmá. Ńṣe ni ọ̀pọ̀ àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́ ń yára rọ́pò ara wọn. Ojú wa ló ń sọ pé wọ́n rìn." Ọ̀nà kan náà ni a gbà ṣe é nínú kọ̀ǹpútà. Mo kọ orúkọ mi, mo ṣe é ní àwòrán mẹ́jọ, mo sì tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́tà I ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, D tẹ̀ lé e, títí ÌDÒWÚ fi pé. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, ará ilé kejì sáré wọlé pẹ̀lú ọmọ orógùn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí Tóyìn parí ìsìn rẹ̀, ó lọ sí Ìbàdàn, ó ń kọ́ ìkànnì fún àwọn ilé-ìwé àti oníṣòwò. Ìkànnì ni ibi tí èèyàn máa ń ṣí lórí fóònù láti mọ̀ nípa wọn. Àwòrán gbọọrọ tó máa ń wà lókè ojú rẹ̀, èmi ló ń gbé ìyẹn fún. Pátákó náà ni, àbí? Ó kàn jẹ́ pé títì tó kọjá níwájú rẹ̀ kò lópin. Bí mo bá ṣe é tán, mo máa ń gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró, kí n tó lè fi í ránṣẹ́. Àwọn ewúrẹ́ á máa wò mí.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ han Ọ̀gá Gàníyù. Ó ti darúgbó, orí ẹní ló wà. Mo fi pátákó kan hàn án níbi tí lẹ́tà ti ń fò, tí wọ́n ń yí, tí wọ́n ń tàn, tí wọ́n ń kú. Ó wò ó títí.

"Lẹ́tà yìí ń sá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ń rìn."

"Ó ń sá ni mo sọ. Ta ló ń lé e?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tí ayé ti kọjá lórí rẹ̀ ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí mo rí ohun tí ojú mi kò tíì mọ̀ ọ́n wò.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà ní Igbó-Ọrà. Ìyá Oníléèwé là ń pe obìnrin tó dá a sílẹ̀. Tóyìn ń kọ́ ìkànnì fún wọn, wọ́n sì fẹ́ kí n ṣe pátákó tó ń rìn. Ìyá Oníléèwé fi fọ́tò kún káàdì kékeré kan tí a ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Ìyá Fúnmi, ọmọ ìlú yìí ni yín. Ẹ fi ìbejì sí i."

Mo rí ọmọbìnrin méjì nínú káàdì náà, ọmọ bí ọdún méje, tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n jọra bí ẹ̀kán omi méjì. Ohun kan ṣoṣo ló yà wọ́n: nǹkan pupa kékeré kan wà lára kọ́là ọ̀kan. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Irinṣẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń jí àwọ̀ ibì kan láti fi bo ibòmíràn. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, pupa náà parẹ́. Mi ò tilẹ̀ wo ọmọ tó wà lára rẹ̀. Mo wá ṣe é kí ọmọ apá òsì parẹ́, kí ti apá ọ̀tún yọ, kí ti ọ̀tún parẹ́, kí ti òsì yọ, bí ẹni pé ọmọ kan ṣoṣo ló ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo sọ fún ẹ̀rọ pé kó máa ṣe é lọ láìdúró. Mo sì ṣe ohun tí ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ ṣe: inú káàdì náà gan-an ni mo ti ṣiṣẹ́, mo sì pa tuntun mọ́ sórí àtijọ́, àtijọ́ sì parẹ́. Orí mi wú. Mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ṣí ìkànnì náà. Àwọn òbí ń fi pátákó náà ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Lọ́sàn-án Mọ́ńdè, Ìyá Oníléèwé pè mí. Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀.

"Ìyá Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àwòrán yẹn kúrò."

"Kí ló ṣe é, mà?"

"Àwọn ọmọ yẹn. Kẹ́hìndé ti lọ ṣẹ́gi. Ó ti lé lọ́dún kan. Akọ̀wé tó kó fọ́tò náà pọ̀, tuntun ni, kò mọ̀. Èmi náà kò yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́ sí yín."

Nílé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. A ó ní ó lọ ṣẹ́gi, bí ẹni pé á di igi rẹ̀ tán, á sì padà wálé. Èmi tí wọ́n bí lẹ́yìn ìbejì, mo mọ ohun tó sọ. Mo pe Tóyìn, ó yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti wà lórí fóònù káàkiri ìlú. Mo ṣí èyí tó wà lọ́dọ̀ mi, mo wò ó. Ọmọ náà yọ, ó parẹ́. Ó yọ, ó parẹ́. Ọmọ tó lọ lẹ́ẹ̀kan, mo ti jẹ́ kó máa lọ láìdúró lójú ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí Igbó-Ọrà. Sunday fẹ́ tẹ̀ lé mi, mo ní rárá. Télọ̀ ni ìyá náà, Màmá Táyé. Ó ń rán aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, téèpù tí wọ́n fi ń wọn ara sì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Háà, mà! Ẹ dìde. Ẹ dàgbà jù mí lọ. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ẹ̀yin ni mò ń wá. Èmi ni mo ṣe àwòrán yẹn."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Kò wò mí. Ó ń wo aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Pé ó ń lọ, pé ó ń bọ̀, ìyẹn kọ́ ló dùn mí," ó sọ. "Ojoojúmọ́ ló ń lọ tó ń bọ̀ lójú mi. Òwú pupa rẹ̀ dà?"

"Òwú wo, mà?"

"Òwú tí mo rán sí kọ́là rẹ̀. Àwọn tíṣà kì í dá wọn mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa wọ iléèwé ni mo fi òwú pupa sí ti Kẹ́hìndé. Nínú àwòrán yín, mi ò mọ èwo ni Kẹ́hìndé mọ́." Ó wá wò mí. "Èmi tí mo bí wọn."

Mo bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ ṣáà fún mi ní ti tẹ́lẹ̀," ó ní. "Mi ò ní fọ́tò tí àwọn méjèèjì jọ wà, àfi ti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́."

Mo wá ní láti sọ fún un pé kò sí ti tẹ́lẹ̀. Mo ti bá Ìyá Oníléèwé sọ ọ́, fóònù tí wọ́n fi ya fọ́tò náà ti bàjẹ́ tipẹ́. Èyí tí mo bà jẹ́ ni ọ̀kan ṣoṣo tó kù láyé. Màmá Táyé gbọ́ ọ, ó mi orí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀rọ. "Ẹ máa lọ, mà," ni ó sọ. Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo.

Mo dá àwòrán náà dúró kí ọmọ méjèèjì lè hàn pọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni mo sì fi jókòó síwájú rẹ̀. Mo lè ya òwú, ọwọ́ mi mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n lára ọmọ wo? Kọ́là ọ̀tún ni tàbí ti òsì? Mo ti nù ún láìwò ó. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbé kọ̀ǹpútà náà, mo padà lọ.

"Mi ò fẹ́ rí i," Màmá Táyé sọ láti inú ilé.

"Ó dáa, mà. Màá kàn jókòó."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìta. Oòrùn yí kúrò lórí òrùlé, ó dé ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde níléèwé, ọmọbìnrin kan dé pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Táyé ni. Ó rí ohun tó wà lórí itan mi, ó sún mọ́ mi.

"Èmi nìyí," ó ní, ó fi ìka kan ọmọ apá ọ̀tún. "Kẹ́hìndé nìyí. Bàtà ló ń ta á. Ẹ ò rí i tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè? Ó ní kí n di òun mú kí òun má baà ṣubú."

Mo tẹjú mọ́ ọn. Lóòótọ́, gìgísẹ̀ ọmọ apá òsì kò kan ilẹ̀. Mo ti mú ọmọ yẹn fò ní àìmọye ìgbà, mi ò rí i pé bàtà ń ta á.

Ìró ẹ̀rọ ti dákẹ́ nínú ilé. Màmá Táyé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́. Ó rọra wá, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Bàtà yẹn," ó ní. "Ó sọ fún mi pé ó há. Mo ní kó fara dà á kí oṣù parí." Ó wọlé lọ, nígbà tó sì jáde, aṣọ iléèwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ká dáadáa. Ó tẹ́ kọ́là rẹ̀ síwájú mi. Òwú pupa mẹ́ta, wọ́n dagun díẹ̀.

A jókòó, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fẹ àwòrán náà títí kọ́là ọmọ náà fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń to iyanrìn.

"Ó ti pupa jù," Màmá Táyé sọ. "Oòrùn ti ṣá a díẹ̀ nígbà yẹn."

Mo dín in kù.

"Èyí tó kẹ́yìn gùn ju àwọn tó kù lọ. Òwú fẹ́ tán nídìí abẹ́rẹ́ ni."

Mo fà á gùn. Mo mú àwòrán náà kéré padà, ọmọ méjèèjì dúró níbẹ̀. Màmá Táyé na ìka rẹ̀, kò jẹ́ kó kan gíláàsì náà.

"Òun nìyẹn," ó ní. Ó sì sunkún, ẹkún tí mo rò pé ó ti ń dúró tipẹ́. Táyé fi orí lé itan rẹ̀.

Nígbà tó dákẹ́, ó bi mí pé, "Ṣé yóò tún máa lọ?"

"Rárá, mà. Yóò dúró."

"Ẹ dá a padà síbẹ̀ nígbà náà. Ọmọ iléèwé yẹn ni."

"Kí ewé máńgòrò máa mì o," Táyé sọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Pátákó tó wà lójú ìkànnì wọn lẹ́yìn náà, ọmọ méjèèjì dúró jẹ́ẹ́, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, ewé nìkan ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lókè orí wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo fi férémù sí i, mo gbé e lọ fún Màmá Táyé fúnra mi.

Mo lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá Gàníyù. Mo retí pé á bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé o padà lọ?" Mo ní, "Mo padà lọ, sà." Ó ní, "Ó dáa." Ọ̀rọ̀ tí a sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó jáde láyé nínú ọdún yẹn, Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo ṣiṣẹ́ náà fún bí ọdún mẹ́wàá sí i. Mi ò fọwọ́ kan fọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́ láìbéèrè orúkọ rẹ̀, mi ò sì ṣiṣẹ́ lórí ojúlówó, ẹ̀dà rẹ̀ ni mo máa ń lò. Nígbà tó yá, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti ẹ̀gbẹ́ wá. Dókítà ní kí n dín wíwo iná kọ̀ǹpútà kù. Lákòókò yẹn náà, fóònù ti ń ṣe ohun tó ń gbà mí lọ́jọ́ méjì láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má bẹ̀rù ìyẹn. Irinṣẹ́ yín náà á kú, ẹ ó sì kọ́ òmíràn, bóyá lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ bí. Ẹ ṣáà wá iṣẹ́ tí ẹ lè jókòó tì. Ẹ wá ọ̀gá tó máa nu àṣìṣe yín láìsọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, ẹ má dúró sílé máa bínú sí ara yín. Ẹ padà lọ. Bẹ́ǹṣì á wà níta.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, Màmá Táyé wọkọ̀ wá sí Èrúwà. Ó ní èèyàn kì í fẹ̀yìn tì láìwọ aṣọ tuntun. Mo ní kó má ṣe wàhálà. Ó bọ́ téèpù lọ́rùn.

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́, Màmá. Ẹ má mira."

Mo dúró. Ó wọn èjìká mi, ó wọn àyà, ó wọn ọwọ́. Ó ṣí ìwé kan tí etí rẹ̀ ti gbó, tí kì í ṣe èyí tó ń lò fún oníbàárà, èyí tó fi ń kọ ìwọ̀n àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Mo tẹ orí wálẹ̀, mo sún mọ́ ọn, nítorí mo ṣì lè ka ohun tí a bá kọ gàdàgbà. Orúkọ Táyé ló wà lókè, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n ti fagi lé, tí wọ́n tún kọ, tí wọ́n tún fagi lé, bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ní abẹ́ rẹ̀ ni Kẹ́hìndé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kọ nọ́ńbà tiẹ̀, kò sẹ́ni tó fagi lé e.

Màmá Táyé fi itọ́ kan ẹnu bírò, ó sì kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ti Kẹ́hìndé.